Ilé Àyẹ̀wò Tí A Kọ́ Ṣáájú Àrùn

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2013, ọmọdé kan kú ní Meliandou, abúlé kékeré kan nínú igbó ilẹ̀ Gínì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àgbà sì tẹ̀ lé e lọ sọ́run. Àwọn kan fura sí onígbáméjì, àwọn mìíràn sì ń dárúkọ ibà. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni àrùn náà fi ń wọ ilé onílé kiri kí wọ́n tó gbé ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn la òkun kọjá dé Lyon ní ilẹ̀ Faransé, tí ayé sì gbọ́, ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2014, pé Ẹ̀bólà ni. Nígbà tí yóò fi rọlẹ̀ ní ọdún 2016, ó ti mú èèyàn tí ó lé ní 28,000, ó sì ti pa èyí tí ó lé ní 11,000, púpọ̀ jù lọ wọn ní Gínì, Làìbéríà àti ilẹ̀ Sàró.

Ojú lásán kò lè sọ bóyá ibà ẹ̀fọn ni ó ń ṣe aláìsàn, tàbí táífọ́ọ̀dù, tàbí ibà Lássà, tàbí Ẹ̀bólà, nítorí pé orí fífọ́ àti ara gbígbóná ni gbogbo wọn fi í bẹ̀rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò ni ó lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ a mú ẹ̀jẹ̀ tàbí ikun imú aláìsàn, wọn a yọ àbùdá kòkòrò àrùn náà jáde, wọn a sì fi í sínú ẹ̀rọ tí ń gbóná tí ń tutù léraléra, tí í sọ ọ̀kan di méjì, tí í sọ méjì di mẹ́rin, bí ẹni tí ó gbin ẹyọ àgbàdo kan tí ó sì ń tún èso rẹ̀ gbìn títí ó fi di oko ńlá tí a lè rí láti òkèèrè. Àwọn èròjà iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù yìnyín, bí iná mànàmáná bá sì lọ lójijì, gbogbo làálàá náà lè di òfo. Ẹ wá wo bí yóò ti rí ní orílẹ̀-èdè tí ogun ti fọ́, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn wà ṣùgbọ́n tí kò sí owó dísù.

Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Sàró náà, ilẹ̀ tí wọ́n sọ Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ilé àyẹ̀wò kan wà ní ìlú Kenema tí ó ti ń bá ibà Lássà jìjàkadì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ogun abẹ́lé ni ó lé iṣẹ́ náà kúrò ní Segbwema wá síbẹ̀. Dókítà Aniru Conteh ni ó di ọ̀pá rẹ̀ mú títí Lássà fi pa òun fúnra rẹ̀ ní ọdún 2004, Dókítà Sheik Humarr Khan sì gba ipò rẹ̀. Nítorí pé ilé náà ti wà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ti mọ bí a ti í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ eléwu, àwọn ni wọ́n dá Ẹ̀bólà àkọ́kọ́ mọ̀ ní orílẹ̀-èdè wọn ní oṣù Èbìbí ọdún 2014, láìjẹ́ pé wọ́n ń dúró de èsì láti òkè òkun. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: ilé àyẹ̀wò nìkan kò lè gba ìlú là bí ìbọ̀wọ́ àti ibùsùn kò bá tó. Àrùn náà pa Khan ní oṣù Agẹmọ, ó sì pa nọ́ọ̀sì púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Oṣù Agẹmọ yẹn kan náà ni arìnrìn-àjò kan gbé e láti Làìbéríà bọ́ sí Èkó. Ilé àyẹ̀wò tí ó wà ní Ìdí-Àràbà dá a mọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èèyàn 20 péré ni ó mú, 8 kú, ó sì tán ní oṣù Ọ̀wàrà.

Nígbà tí Kòrónà dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé ọdún 2020, Sẹ̀nẹ̀gà àti South Africa nìkan ni wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀, tí àwọn onímọ̀ láti ibòmíràn fi ń rọ́ lọ sí Dakar láti kọ́ ọ. Sòmálíà ní láti fi ohun tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kẹ́ńyà. Ní Ẹdẹ, ẹ̀wẹ̀, ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Redeemer's, tí Ẹ̀bólà àti Lássà ti kọ́ lọ́gbọ́n, wà lára àwọn tí ó ka àbùdá Kòrónà láti òpin dé òpin ní oṣù Ẹrẹ́nà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò rọ́wọ́ họrí sì sáré padà sídìí GeneXpert, ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi ń wá ikọ́ ife tipẹ́, èyí tí ó lè sọ ti Kòrónà náà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ẹ̀rọ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n èròjà rẹ̀ di ọ̀wọ́n, nítorí pé àwọn ọlọ́rọ̀ ayé ti rà á jọ, bàálù kò sì fò mọ́.

Àwọn olùrànlọ́wọ́ fẹ́ràn láti fúnni ní ẹ̀rọ, nítorí pé ẹ̀rọ ṣeé dúró tì ya fọ́tò. Owó oṣù ẹni tí yóò lò ó, dísù, àtúnṣe àti èròjà kò ní fọ́tò, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ilé àyẹ̀wò. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ ń jókòó ti ìwé ìṣúná, ẹ kọ owó nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí sí i lọ́dọọdún, pàápàá jù lọ ní ọdún tí àrùn kankan kò sí nílùú.