Ọwọ́ Méjì, Ẹsẹ̀ Méjì: Tony Allen Pẹ̀lú Fẹlá àti Lẹ́yìn Fẹlá

Bí a bá tẹ́tí sí «Confusion», orin tí Fẹlá gbé jáde ní ọdún 1975, ohun tí a kọ́kọ́ ń gbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe fèrè. Dùùrù Fẹlá ni, pẹ̀lú ìlù òyìnbó tí ń dá a lóhùn, bí àgbà méjì tí ń sọ̀rọ̀ tí ọmọdé kò gbọdọ̀ dá sí. Gbogbo ayé ni ó mọ ẹni tí ń tẹ dùùrù náà. Ẹni tí ń lu ìlù náà ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń jó sí ìlù rẹ̀ ni kò mọ orúkọ rẹ̀.

Tony Ọládípọ̀ Allen ni. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1940. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Ìran Éwé láti ilẹ̀ Gáànà ni ìyá rẹ̀, àwọn Éwé kan náà tí ó jẹ́ aládùúgbò wa ní Tógò. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ rédíò, ó sì ti pé ọmọ ọdún 18 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù. Kò kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwo orin àwọn onílù Amẹ́ríkà, Art Blakey àti Max Roach, ni ó ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́ títí ó fi mọ ibi tí ọwọ́ wọn ń lọ. Ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Ọláìyá ni ó ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́, kì í sì í ṣe ìlù ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ níbẹ̀: igi kékeré méjì tí à ń kàn mọ́ra ni. Ìgbà tí onílù ẹgbẹ́ náà bá tirẹ̀ lọ ni àyè tó ṣí sílẹ̀ fún un.

Ọdún 1964 ni ó pàdé Fẹlá, tí kò tíì pẹ́ tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, tí ó sì ń wá onílù tí ó lè lu jáàsì kí ó sì tún lu háíláìfù. Wọ́n jọ wà nínú Koola Lobitos, wọ́n jọ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, wọ́n sì jọ padà wálé pẹ̀lú orin mìíràn lọ́kàn. Láti inú ìyẹn ni Africa 70 ti jáde.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi ìlù náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ètò dùndún mọ̀ pé ìyáàlù ní iṣẹ́ tirẹ̀, gúdúgúdú ní tirẹ̀, kẹríkẹrì àti ìsáájú náà sì ní tiwọn. Kò sí èyí tí ń ṣe iṣẹ́ èkejì, síbẹ̀ orin kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Tony Allen kó irú ètò bẹ́ẹ̀ sí ara ènìyàn kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń gbá ìlù ńlá, ṣùgbọ́n kì í gbá a ní ibi tí etí ti ń retí rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ń ṣí àwo idẹ méjì, ó sì ń pa wọ́n dé. Ọ̀pọ̀ onílù háíláìfù ni kò bìkítà fún àwo yìí nígbà náà. Ọwọ́ kan di ìlù náà mú, ọwọ́ kejì ń sọ ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Kì í sì í fi agbára lù. Ẹni tí ó bá wò ó lórí fídíò yóò rí ọkùnrin kan tí ó jókòó jẹ́ẹ́, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Nínú ẹgbẹ́ náà, Fẹlá ni ó máa ń fún olúkúlùkù ní ohun tí yóò fọn tàbí tí yóò ta: àwọn onífèrè, àwọn onígìtá, gbogbo wọn. Tony nìkan ni ó ń dá ti ara rẹ̀ ṣe. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé láìsí Tony Allen, Afrobeat kì bá tí sí. Ọ̀rọ̀ ìyìn ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyìn kì í san owó ilé.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn ọ̀dọ́ olórin tiwa. Nínú iṣẹ́ àwo orin, ọ̀rọ̀ orin àti ohùn rẹ̀ ni a sábà máa ń kà sí ohun tí ènìyàn dá sílẹ̀, orúkọ ẹni tí ó sì kọ wọ́n ni à ń kọ sínú ìwé. Ẹni tí ó lu ìlù ń gba owó iṣẹ́, ó parí. Ìlù tí ó sọ orin di ohun tí ó jẹ́ kò ní àyè nínú ìwé náà. Ẹgbẹ́ Africa 70 ṣe àwo tí ó lé ní 30 pẹ̀lú Tony. Orúkọ Fẹlá ni ó wà lórí orin wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́, kí ẹ tó lọ forúkọ orin sílẹ̀ ní BUBEDRA, ẹ jókòó kí ẹ fẹnu kò lórí ìpín olúkúlùkù, kí ọ̀rẹ́ má baà di ọ̀tá nígbà tí owó bá dé.

Ní ọdún 1979, Tony kúrò. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí àwọn àwo. Àwọn tí ń tẹ̀ lé Fẹlá láìṣe iṣẹ́ kan sì ti pọ̀ jù, pàápàá lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun sun Kalakuta ní ọdún 1977. A kò rò pé ìkórìíra ni. Ọdún 15 ni ó lò pẹ̀lú ọkùnrin kan, ó sì ti tó ọmọ ogójì ọdún.

Ìgbésí ayé tí ó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1984, lẹ́yìn náà ó kó lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì fi Courbevoie, lẹ́bàá Párìsì, ṣe ilé. Fún ọdún púpọ̀, iṣẹ́ tí ó ń rí ni láti lu ìlù lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn. Fẹlá kú ní ọdún 1997, Afrobeat sì ń di ohun tí ayé ń wá kiri, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ onílù náà ni wọ́n dé kẹ́yìn.

Ọdún 2000 ni nǹkan yí padà, láti ibi tí kò sí ẹni tí ó retí. Blur, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì, dárúkọ rẹ̀ nínú orin wọn kan. Damon Albarn tí ó kọ orin náà di ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ dá The Good, the Bad & the Queen sílẹ̀, tí àwo wọn jáde ní ọdún 2007. Ó bá Sébastien Tellier àti Charlotte Gainsbourg ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 2017, ó padà sí jáàsì, ó sì gbé «The Source» jáde lábẹ́ Blue Note, ilé-iṣẹ́ kan náà tí ó tẹ àwo Art Blakey tí ó ń gbọ́ ní èwe.

Òun àti Hugh Masekela ti ilẹ̀ South Africa gba orin sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2010, wọn kò sì parí rẹ̀. Masekela kú ní ọdún 2018. Tony padà sí iṣẹ́ náà, àwo «Rejoice» sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún náà, Tony kú ní Párìsì, ọmọ ọdún 79. Ó ti lu ìlù púpọ̀ sílẹ̀ fún àwo mìíràn tí ó ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ olórin ráàpù. Ó ti lọ kí púpọ̀ nínú wọn tó wá kọ ohùn tiwọn lé e lórí.