Mọ́ra, Bárakú, Jáwọ́: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta lórí Sìgá Mímu



Ìfáàrà

Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ sì ni irinṣẹ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nídìí ọ̀rọ̀ sìgá, ìdáhùn mi ni pé bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó di ènìyàn mú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ tí a fún un wò. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó bá ìrìn àjò amusìgá mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìwà kan bá ń wọ ènìyàn lẹ́wù, a ní ó ń mọ́ ọn lára. Bí ìwà náà bá jókòó pa, a ní ó ti di bárakú. Bí ẹni náà bá kúrò nídìí rẹ̀, a ní ó ti jáwọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé àsọdùn wà nínú ọ̀rọ̀ kejì, àti pé àsọdùn náà ń ṣe àwọn ènìyàn wa ní ibi.

Bí tábà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Tábà kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tí ó gbé e dé etíkun wa. Láàrin ọdún 1700 sí 1800, tábà tí wọ́n gbìn ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, tí wọ́n fi oje ìrèké pa lára, tí wọ́n sì lọ́ bí okùn, wà lára ọjà pàtàkì tí àwọn oníṣòwò fi ń ra ẹrú ní Ouidah àti ní àwọn èbúté tí ó yí i ká. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni wọ́n rà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì kó lọ sí Bahia kan náà tí tábà ti wá. Láàrin 1930 sí 1940 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìgá ní Òṣogbo àti ní Ìbàdàn. Kí ó tó di ìgbà náà, ìkòkò tábà àti áṣáà ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbà wa fún ìgbà pípẹ́.

Mọ́ra

Ìtòsí Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé àgbẹ̀ tí ń gbin tábà. Owó ewé náà ni bàbá mi fi san owó iléèwé mi, n kò sì ní torí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìdájí, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé, àwa ọmọdé a máa já a, a ó sì kó o lé apá. Kí oòrùn tó mú, òòyì a máa kọ́ mi, èébì a sì gbé mi. Àwọn àgbà a ní, “Tábà ti mú un.” Òdodo ni wọ́n sọ. Nikotíìnì inú ewé a máa bá ìrì gba awọ ara wọlé, kí ó sì ṣe ọmọdé bí ẹni tí ó jẹ májèlé. Báyìí ni mo ṣe mọ agbára ewé náà kí n tó mọ bí wọ́n ti ń tan iná sí i.

Nígbà tí mo dé yunifásítì ní òpin ọdún 1980 sí 1990, ẹyọ sìgá kan a máa kárí ẹnu mẹ́ta ní alẹ́ tí a bá ń kàwé. Mo ṣàkíyèsí nígbà náà pé kò sí ẹni tí sìgá dùn mọ́ ní ọjọ́ kìíní. Ikọ́ ni ó ń wú, ojú a sì máa ta á. Ẹgbẹ́ ni ó ń kọ́ ọ títí ikọ́ yóò fi tán. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí wọ́n bá nà án sí mi, èsì kan ṣoṣo ni mo ní: “Ẹ jọ̀ọ́, tábà ti mú mi rí nílé.” Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì fi mí sílẹ̀. Ẹni tí yóò kọ nǹkan láàrin ọ̀rẹ́ nílò èsì tí kò ní dá ìjà sílẹ̀, tí ó sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó bi í.

Bárakú

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ kejì palẹ̀: bá, ara, kú. Ohun tí yóò bá ara kú ni, ohun tí kò ní lọ àfi bí ara bá lọ. Ìdí wà tí àwọn baba wa fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá fa èéfín sìgá, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ tí nikotíìnì yóò fi dé ọpọlọ. Bí ó bá pẹ́ tí ó ti ń ṣe èyí, ọpọlọ yóò máa retí rẹ̀. Bí kò bá sì rí i, inú a máa bí onítọ̀hún, ọkàn rẹ̀ kò ní pa pọ̀, oorun yóò sì dá lójú rẹ̀. Ó wá dà bí ẹni tí ń yá owó èlé láti fi san èlé: sìgá tí ó mu nísinsìnyí ń pa ebi tí sìgá àná dá sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mu sìgá fún ogún ọdún. Lọ́dọọdún ni ó ń mu èyí tí ó pè ní ìkẹyìn. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà nínú La coscienza di Zeno, ìwé tí Italo Svevo ará Ítálì tẹ̀ jáde ní 1923. Zeno a máa kọ ọjọ́ tí yóò mu sìgá ìkẹyìn sílẹ̀, yóò sì tún kọ òmíràn. Ìbúra kò tó, nítorí pé ìbúra a máa mú kí sìgá tí a ń mu lọ́wọ́ dùn sí i. Ìkìlọ̀ ara páálí pàápàá, tí ó ní amusìgá lè kú ní rèwerèwe, kò ran ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀la ni ìkìlọ̀ náà ń sọ, ìsinsìnyí ni ara ń béèrè.

Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n mi. Nínú oṣù Ràmàdáànì, láti ìgbà sàárì títí di ìṣínu, kò fi sìgá kan ẹnu. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n, lọ́dọọdún. Níhìn-ín ni àsọdùn inú ọ̀rọ̀ náà ti hàn sí mi. Ohun tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ fún wákàtí 13, nítorí ìdí tí ó gbà gbọ́, kò tíì di ohun tí yóò bá ara kú.

Jáwọ́

Mo sọ èyí fún un. Kò dá mi lóhùn. Àmọ́ nínú àwẹ̀ ọdún 2006, nígbà tí ó jẹ́ ẹni 40 ọdún, ó fi omi àti dàbínù ṣínu, ó fi orín ata sẹ́nu, kò sì wá iná. Ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú kí ó tó kùnà. Ohun tí ó yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni pé kì í ṣe ìbúra ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ó kúrò lórí bẹ́ńṣì tí àwọn amusìgá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sí. Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kí ó gba òun mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ara bá ń béèrè, yóò dìde lọ ṣe àlùwàlá, nítorí ó ti rí i pé ìfẹ́ náà kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ bí a kò bá fún un lóúnjẹ. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ le púpọ̀. Ó ń jágbe mọ́ gbogbo ilé. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ní òun tún ń gbóòórùn ọbẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ọwọ́ ni ó ń jáwọ́. Kò ní kí a pa ìfẹ́ ọkàn kí a tó kúrò. Ó ní kí a fa ọwọ́ sẹ́yìn, kí ọkàn máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ìmọ̀ ìṣègùn gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Richard Doll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ojú sí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1951 títí di 2001. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004 ni pé ẹni tí ó bá jáwọ́ ní ẹni 60 ọdún yóò jèrè nǹkan bí ọdún 3 sí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni 50, ọdún 6. Ẹni 40, ọdún 9. Ẹni 30, ọdún 10. Àwọn àgbà sì ní àìkú ni baálẹ̀ ọrọ̀.

Ìkádìí

Òfin ọdún 2015 ní ilẹ̀ wa ka títa sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀, ó sì ka títà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n kò lè bá ènìyàn dé inú yàrá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá èsì yín sílẹ̀ kí wọ́n tó na sìgá sí yín. Ẹ̀yin tí ó ti mọ́ lára, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ tí a fi ń pe nǹkan dá yín dúró sídìí rẹ̀. Ẹ̀yin aya, ọkọ àti ọ̀rẹ́ wọn, ẹ má ṣe sọ pé, “Bárakú ni, kò lè fi í sílẹ̀.” Ẹni tí a bá ń sọ bẹ́ẹ̀ fún lójoojúmọ́ lè gbà á gbọ́. Ẹ sọ fún un pé ọwọ́ tirẹ̀ ni, ó sì lè fà á sẹ́yìn.