Bí iná bá ń ti inú òkun jáde, ṣé yóò tàn dé Mahintẹ̀dó?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Àmọ́ ohun tó bá Mahintẹ̀dó àti ọ̀pọ̀ ìlú Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, fara jọ bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí agbègbè náà fi wà lókùnkùn lẹ́yìn tí wọ́n já wọn kúrò lára iná ìjọba. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ apèsè iná Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ ti wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Okitipupa tó bá wọn pààlà. Ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n ti fi wa epo rọ̀bì nínú òkun wọn.

Ní báyìí, nǹkan mìíràn tún ti ń ti inú òkun jáde lágbàáyé. Òun ni afẹ́fẹ́ háídírójìn tí kò ní èéfín. Ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn tàbí oòrùn pèsè iná ni wọ́n máa ń gbé sórí òkun. Wọn yóò yọ iyọ̀ kúrò nínú omi, iná yóò sì pín omi náà sí háídírójìn àti ọ́síjìn. Inú àgbá ni wọ́n ń rọ háídírójìn náà sí, bíi gáàsì ìdáná, di ìgbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Lhyfe ti ilẹ̀ Faransé ṣe é lórí òkun Atlantic, òkun kan náà tó ń fọ́ sí etíkun Ìlàjẹ.

Jámánì, tó ń wá háídírójìn rà káàkiri, ṣí ọ́fíìsì kan sí Àbújá lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2021. Jámánì kì í sì í ṣe àjèjì ní Mahin. Lọ́dún 1885, Amapetu ti Mahin bá wọn tọwọ́ bọ̀wé lórí etíkun yìí. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti gbé ilẹ̀ náà lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.

Háídírójìn kọ́ ló yá jù fún iná ilé. Bí a bá fi iná ṣe é, tí a tún sọ ọ́ padà di iná, ohun tó ń ṣòfò lọ́nà máa ń lé ní ìdajì. Ọkọ̀ òkun àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irin àti ajílẹ̀ ló wúlò fún jù. Fún abúlé, oòrùn àti bátìrì ló rọrùn jù, bí wọ́n ṣe ṣe é ní Gbámúgbámú, ìpínlẹ̀ Ògùn, lọ́dún 2018.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé lórí òkun Ìlàjẹ lọ́jọ́ iwájú, ó yẹ kó wà nínú ìwé náà pé Mahintẹ̀dó àti àwọn ìlú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni iná yóò kọ́kọ́ tàn sí, kí wọ́n tó kó ohunkóhun sọdá òkun.