Ajá Eléré

Bí ajá bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, á kọ́kọ́ tọrọ àyè. Á na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sílẹ̀, á fi àyà kan ilẹ̀, á gbé ìdí sókè bí ọmọkùnrin tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí aṣọ òun dọ̀tí, ìrù á sì máa fì lókè. Ẹ̀yìn èyí ni yóò tó fò mọ́ èkejì, tí yóò gbé e lọ́rùn, tí yóò tì í ṣubú sínú iyanrìn, tí ariwo á ta. Kò sí èyí tó ń bínú nínú wọn, torí wọ́n ti jọ sọ ọ́ pé eré ni. Bí ọ̀kan bá fi eyín tẹ èkejì jù, tí ìyẹn sì ké, eré á dúró. Èyí tó ṣẹ̀ á tún dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì máa bá a lọ. Àgbà inú wọn a máa dìídì ṣubú kí kékeré lè gùn ún. Mo mọ àwọn ẹ̀gbọ́n tí kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún àbúrò wọn.

Ajá ìbílẹ̀ ni Talómọ̀la tó wà ní ọgbà wa n'Ìbàdàn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní lókà: irun pupa rúsúrúsú, àyà funfun, etí ṣóńṣó, ìrù tó ká sẹ́yìn. Bàbá onílé ló sọ ọ́ lórúkọ, kì í sì í ṣe torí ajá nìkan. Ó pẹ́ tí Yorùbá ti ń fi orúkọ ajá fọhùn sí aládùúgbò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí á gbọ́ ọ láàárọ̀, á gbọ́ ọ lálẹ́, kò sì ní lè bínú, ajá lẹ kúkú ń pè.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Talómọ̀la ti ń họ ilẹ̀kùn. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń kí. Ẹni tí kò bá fọwọ́ pa á lórí, á tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Á sin àwọn ọmọ ilé-ìwé dé ìkóríta, á padà wá jókòó ti ìyá alákàrà. Ìyá ní àwọn kò fún un ní nǹkan kan rí, ṣùgbọ́n ẹnu ajá ń dán fún òróró. Àlùbọ́sà inú àkàrà kò dára fún ajá, ṣókólétì kò dára fún un, egungun adìẹ tí a ti sè náà máa ń ṣẹ́ ṣómúṣómú, ó sì lè gún un nínú. Mo ti sọ ọ́ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Nígbà tó tó bí ọmọ oṣù mẹ́rin, kò sí sílípáàsì tó pé méjì nínú ọgbà. Eyín ló ń pààrọ̀: 28 tó fi ń mu ọmú a máa re, 42 á sì wá hù. Ìrígì ń yún un, bàtà ló sì wà nítòsí.

Bàbá onílé kò fẹ́ràn bó ṣe ń yọ̀ mọ́ gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní, "Ajá tó ń lá ọwọ́ àlejò, kí ni yóò ṣe fún olè?" Ọ̀pọ̀ ló ń ro bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so ọmọ ajá mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kó lè rorò. Èmi ò gbà. Láti bí ọ̀sẹ̀ 3 dé ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 14 ni ọmọ ajá ń mọ ayé. Ohun tó bá bá pàdé láìsí ìnira lásìkò yẹn, ìbáà ṣe igbe ọmọdé, ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀ tàbí àjèjì tó wọ agbádá, kò ní fi bẹ́ẹ̀ bà á lẹ́rù mọ́ bó bá dàgbà. Èyí tó lo gbogbo àsìkò náà lórí ìso ní ẹ̀yìnkùlé, ohun gbogbo ló ń bà á lẹ́rù, ẹ̀rù ló sì ń sọ ọ̀pọ̀ ajá di abunijẹ. Bí ti ilé òdìkejì wa ṣe rí nìyẹn: ó ń gbó mọ́ ewé, ó ń gbó mọ́ òjò, ó ń gbó mọ́ olówó rẹ̀. Bí olè bá wọ ibẹ̀ lóru òní, ta ni yóò dìde? Talómọ̀la ní tirẹ̀ mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo ayálégbé. Nọ́ọ̀sì tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lọ́gànjọ́, ìrù ló ń jù fún un. Ọjọ́ tó bá gbó lóru, gbogbo ilé ló ń tan iná.

Ìrù náà ní èdè tirẹ̀. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan ní Ítálì rí i pé bí ajá bá rí olówó rẹ̀, ìrù rẹ̀ máa ń fì sápá ọ̀tún ju òsì lọ; bó bá rí ajá àjèjì tó le, apá òsì ló ń fì sí jù. Mo ti ń wo ti Talómọ̀la láti ìgbà tí mo ti gbọ́. Gbogbo ara ló fi ń ju tirẹ̀, n kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Àwọn ọdẹ mọyì ajá tó mọ ènìyàn. Nínú àlọ́ tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ lọ́mọdé, ọdẹ tí ewu lé gun orí igi, orúkọ ló fi ké pe àwọn ajá rẹ̀ mẹ́ta, Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé wà lára wọn, wọ́n sì wá gbà á. Kò nà wọ́n kí wọ́n tó wá. Ṣùgbọ́n Ògún tí àwọn ọdẹ ń sìn, ajá náà ni ẹran rẹ̀, ní Oǹdó àti níbòmíràn. Bí méjèèjì ṣe bára mu, ẹ bá mi bi àwọn ọdẹ.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba digbolugi. Ajá tó mọ ènìyàn tẹ́lẹ̀, tó ṣàdédé ń sá pamọ́ tàbí tó ń kọ lu ohun gbogbo, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò da ará ilé mọ̀ mọ́, ẹ jìnnà sí i. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀: ọmọ oṣù 3 ni ajá ti ń gbà á, a ó sì máa tún un gbà bí dókítà ẹran bá ṣe là á sílẹ̀. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé-ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí bí àrùn náà bá ti fara hàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ nìkan ni Talómọ̀la kì í yọ̀ mọ́ àlejò. Ó ti mọ àpò dókítà.

Bàbá onílé ti ra ọmọ ajá mìíràn báyìí, akọ, wọ́n ní èyí ni yóò rorò. Talómọ̀la ti fi ibi tí sílípáàsì wọn máa ń wà hàn án.