Bí A Ṣe Ń Wá Ìmọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìlú ńlá ni ilé-ìkàwé ńlá máa ń wà. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ń gbé ní Ìkòyí-Ilé ní láti wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó tó rí ìwé tí ó ń wá. Bí ó bá sì débẹ̀, ìwé náà lè má sí lórí pẹpẹ. Íntánẹ́ẹ̀tì ti dín ìrìn àjò yìí kù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí a ti í wá nǹkan níbẹ̀ yóò kàn fi owó dátà ṣòfò ni.

Àkójọ ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì dà bí kọ́bọ́ọ̀dù tí a to ìwé sí, tí a kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé àti ọdún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lára. Irú rẹ̀ ni African Journals Online, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Iṣẹ́ ìwádìí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni ó kún inú rẹ̀, a sì lè ka púpọ̀ nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o bá tẹ̀ ni yóò pinnu ohun tí o máa rí. Bí o bá tẹ "Ikoyi" nìkan, Ìkòyí ti Èkó, níbi tí àwọn olówó ń gbé, ni yóò kún ojú fóònù rẹ. Ìkòyí kan tún wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ̀lú. Tẹ "Ikoyi-Ile", kí o fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn kí ẹ̀rọ má baà tú ọ̀rọ̀ náà ká, kí o sì fi "Oriire" tàbí "Onikoyi" kún un. Fi àmì ohùn wá a, kí o sì tún wá a láìsí àmì, nítorí pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í fi àmì sórí orúkọ ìlú. (Èmi tí mo ti gé máàkì ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àmì ohùn ni mo ń sọ èyí o!) Nígbà tí o bá rí ohun tí ò ń wá, wo ẹni tí ó kọ ọ́ àti ọdún tí ó kọ ọ́ kí o tó gbà á gbọ́.

Ní ti ẹ̀kọ́ kíkọ́, ẹ̀kọ́ àtòkèèrè ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní 1976 ni a dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná, ìwé ni ó sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. A dá National Open University sílẹ̀ ní 1983. Ìjọba ológun dá a dúró ní 1984, ó sì di ayé ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, kí a tó jí i dìde.

Lóde òní, olùkọ́ lè bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó sì lè gba ohùn àti àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọn wò ó nígbà tí àyè bá gbà wọ́n. Èkejì yìí ni mo fara mọ́ fún ibi tí iná kì í dúró: ìwọ yóò gbà á sórí fóònù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, o ó sì wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ó bá wù ọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé olùkọ́ kò rí ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. Nítorí náà, fi ìwé àti bírò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, kọ ibi tí ó rú ọ lójú sílẹ̀, kí o sì fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ kí ẹ̀kọ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀.