KÍ A TÓ SỌ̀KALẸ̀ HAWAN KIBO, Ẹ JẸ́ KÍ A WO DÍÌSÌ BÍRÉÈKÌ WA

 

Oṣù Ọ̀pẹ ti fẹ́ wọlé, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ ṣe ọdún nílé. Ẹlòmíràn ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹlòmíràn ń lọ sí Ọ̀fà, àwọn kan sì ń lọ sí Èkìtì. Aṣọ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ẹrù tí a ó kó fún àwọn ará ilé náà ti ń pọ̀ sí i. Kí a tó di ẹrù náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ irin tí ó ń dá mọ́tò dúró ni.

Gbogbo wa mọ̀ pé orí òkè ni Jos wà. Ó ga tó nǹkan bí mítà 1,200 ju ojú òkun lọ. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Akwanga gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ Hawan Kibo ní agbègbè Riyom, níbi tí ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ó sì ń lọ́ bí ejò. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yóò tún bá òkè mìíràn pàdé nílé. Ní irú ibẹ̀, mọ́tò tí ó kún fún ọmọ àti ẹrù kì í fẹ́ dúró. Ìjánu ni ti ẹṣin, bíréèkì sì ni ti mọ́tò.

Lẹ́yìn táyà iwájú ni irin rìbìtì pẹlẹbẹ kan wà bí àwo, tí ó ń bá táyà yí. Òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní díìsì. Bí a bá tẹ bíréèkì, páàdì méjì á fún un, ọ̀kan láti inú, ọ̀kan láti ìta. Gbogbo agbára tí mọ́tò fi ń sáré á wá di ooru sínú irin náà. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ooru náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọdún 1902 ni Frederick Lanchester ti gba ìwé àṣẹ lórí irú bíréèkì yìí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mọ́tò Jaguar tí ó ní i borí nínú eré ìje Le Mans ní ọdún 1953 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbà pé ó dára ju ti àtijọ́ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe ni pé bí páàdì bá jẹ tán, a ó pààrọ̀ páàdì, a ó sì fi díìsì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ díìsì pẹ̀lú ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é ti kọ ibi tí ó gbọ́dọ̀ jẹ dé sí i lára: ẹ wo ara rẹ̀, ẹ ó rí MIN TH àti iye mìlímítà. Ọ̀pọ̀ díìsì iwájú tí ó nípọn tó mìlímítà 25 nígbà tí ó wà ní titun ni ààlà rẹ̀ jẹ́ 23. Kí mẹkáníìkì fi máíkírómítà wọ̀n ọ́n níbi tí páàdì ń gbá, kì í ṣe ní etí rẹ̀, nítorí etí kì í jẹ, yóò sì máa tan ni. Bí wọ́n bá ní kí a fá a lórí ẹ̀rọ kí ó lè dán, ẹ bèèrè iye tí yóò kù. Bí èyí tí ó kù yóò bá kéré sí ààlà, ẹ má ṣe gbà.

Díìsì tí ó ti fẹ́lẹ́ kò lè gba ooru púpọ̀. Ó ń yá gbóná, ó sì lè sán. Ooru náà á ran òróró bíréèkì tí ó wà nítòsí. Òróró yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí a kọ DOT 4 sí kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C nígbà tí ó wà ní titun, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa omi, ó lè hó ní nǹkan bí 155°C. Bí ó bá hó, a ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ wa á kanlẹ̀, mọ́tò kò sì ní dúró. Ẹ jẹ́ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì.

Àmì tí kò yẹ kí a fojú fò nìwọ̀nyí: bí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, bí ó bá ń han tàbí tí irin ń ha irin, bí mọ́tò bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí díìsì bá ní ìlà jíjìn tàbí tí ó sán.

Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí a pààrọ̀ méjèèjì iwájú lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú páàdì titun. Kí mẹkáníìkì má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Kí ó fi ohun tí ó lágbára gbé mọ́tò dúró. Kí ó má jẹ́ kí irin tí ó di páàdì mú máa rọ̀ dirodiro lórí rọ́bà òróró. Kí ó ha ìpẹtà ibi tí díìsì yóò jókòó kúrò, kí ó nu òróró tí ó wà lára díìsì titun, kí ó sì di àwọn nọ́ọ̀tì ní ìkọjúsíra wọn. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀nà tí ó dá, ẹ sáré dé 60, kí ẹ rọra dín in kù sí 10, bí ìgbà mẹ́wàá, láìdúró pátápátá, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa tutù láàárín. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó.

Tí ẹ bá dé orí òkè, ẹ fi í sí jíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì títí dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjó, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe da omi lé e, nítorí omi tútù lórí irin gbígbóná lè mú kí ó sán.

A mọ̀ pé ìnáwó ọdún pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá ilé tí owó ọdún wà lọ́wọ́ yín, ẹ bá bàbá ilé sọ ọ́: aṣọ ẹbí lè dúró di ọdún tí ń bọ̀, díìsì tí ó ti kọjá ààlà kò lè dúró di ọ̀la. Àwọn òbí wa tí wọ́n ń wojú ọ̀nà nílé kò bèèrè ju kí wọ́n rí wa lọ.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a lọ ire, kí a sì bọ̀ ire. Àmín.