Nọ́ńbà Tí A Fi Sílẹ̀ Nínú Dúrọ́ọ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. A fẹ́ràn fóònù ju bó ti yẹ lọ. Bí tuntun bá jáde, ara wa kì í balẹ̀ títí a ó fi gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, tí a ó yí i padà, tí a ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Àwọn ọmọkùnrin tó ń tajà ní Computer Village ní Ìkẹjà mọ̀ wá dáadáa. Bí wọ́n bá ti rí wa lókèèrè, wọn a ní, "Dádì Pásítọ̀, ọjà yín ti dé o!" Ìyàwó wa kì í bá wa jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀ kan wà nínú yàrá wa tó máa ń pè ní ibojì. Ibẹ̀ ni àwọn fóònù tí a kò lò mọ́ sùn sí, pẹ̀lú oríṣiríṣi ṣájà tí ẹnu wọn kò bá ara wọn mu, àti íàpíìsì tó jẹ́ pé etí kan ṣoṣo ló ń dún.

Inú dúrọ́ọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ti jáde wá.

Àwọn àgbà inú yín yóò rántí bí nǹkan ti rí kí ọdún 2001 tó dé. Ilé olówó àti ọ́fíìsì ìjọba la ti ń rí fóònù NITEL. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni ìjọba ta ìwé àṣẹ GSM, tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan san mílíọ̀nù 285 dọ́là. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Econet àti MTN ti ń ta láìnì fún aráàlú. Owó gọbọi ni. Láìnì tiwa lé ní ₦20,000, kì í sì í ṣe àpò wa ni owó náà ti jáde. Ìjọ ló dá a. Àwọn alàgbà ní kí ẹnikẹ́ni tí ìṣòro bá bá lóru lè rí pásítọ̀ pè. Wọ́n kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ, wọ́n kà á jáde lórí pẹpẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kọ́ ọ sórí.

₦50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà. Bí o bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá kan, owó ìṣẹ́jú méjì ni wọn yóò yọ. Nítorí náà la ṣe ń fíláàṣì ara wa, tí a sì ń fi ojú ṣọ́ aago bí ẹni tó ń se ẹyin. Oṣù kẹjọ 2003 ni Glo dé pẹ̀lú owó ìṣẹ́jú àáyá, tí ara sì tu mẹ̀kúnnù díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé a gbádùn àwọn ọdún wọ̀nyẹn. A lo Nokia 3310 tó bọ́ láti orí àga dé ilẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. A lo Nokia 1100 tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, òun náà sì la fi parí ọ̀pọ̀ ìpàdé àdúrà nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. A lo BlackBerry, a ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, títí tí wọ́n fi ti BBM pa fún aráàlú ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2019. Lẹ́yìn náà ni Tecno sọ wá di oníláìnì méjì, nítorí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá lọ, èkejì lè wà.

Ohun èlò fóònù náà ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì la bá olùtajà jà lórí páwà báǹkì tí wọ́n kọ 10,000 mAh sí lára, tí kò sì lè kún fóònù alágbára 5,000 lẹ́ẹ̀mejì. Àwa la jẹ̀bi. Agbára bátìrì inú rẹ̀ ni wọ́n kọ síta, ní ìwọ̀n 3.7 volt, bẹ́ẹ̀ 5 volt ló fi ń bọ́ fóònù. Bí a bá yọ ti ìyípadà yìí àti ti ooru, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti díẹ̀ ni yóò dé inú fóònù. Ayédèrú tún wà lọ́tọ̀ o! Ẹ má sì ṣe fi fóònù tó ń gba iná sábẹ́ ìrọ̀rí. Ooru ló ń tètè pa bátìrì.

Ní ìparí ọdún 2022, àbúrò wa tó wà ní Houston fi iPhone 14 ránṣẹ́ sí wa. A fò sókè! Nígbà tí a wá ibi tí síìmù ń wọ̀, kò sí. Èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ojú síìmù rárá, eSIM nìkan ló ń lò. Kò tán síbẹ̀. Àbúrò wa kò tíì san owó rẹ̀ tán fún ilé iṣẹ́ tó ti rà á, wọ́n sì ti tì í mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn. Oṣù márùn-ún ló fi sùn nínú ibojì ìyàwó wa kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn lókè òkun, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì yìí kí wọ́n tó fi fóònù ránṣẹ́.

Ohun tó dùn wá jù lọ kì í ṣe ti iPhone. Láìnì tí ìjọ rà ni.

Nígbà tí ìsémọ́lé Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2020, orí WhatsApp ni gbogbo ìpàdé wa bọ́ sí. Láìnì wa kejì ló ní dátà tó dára ní àdúgbò wa, nítorí náà òun la gbé sínú fóònù ńlá. A fi ti àkọ́kọ́ sínú Nokia 1100 ògbólógbòó, a ní a ó máa fi iná sí i. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì. Àwọn tó wà lórí WhatsApp gba nọ́ńbà tuntun. Àwọn tí kò ní fóònù ńlá ńkọ́? Èyí tó wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ni wọ́n mọ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìjọba pàṣẹ pé kí oníkálùkù so NIN mọ́ láìnì rẹ̀. A so ti ọwọ́ wa, a gbàgbé ti inú dúrọ́ọ̀.

Ní ọdún 2024 ni a lọ síbi ìdúpẹ́ kan ní Agége, tí a bá ìyá àgbà kan pàdé, ẹni tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti fi ìjọ wa sílẹ̀. A dọ̀bálẹ̀ kí i, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Pásítọ̀, mo pè yín lóru ọjọ́ yẹn. Mo ní Bàbá fẹ́ kú, ẹ ní ẹ kò mọ̀ mí rí."

"Ìgbà wo nìyẹn, Mama?"

"Ní èṣín. Mo wo nọ́ńbà náà lára ògiri, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ní ẹ kì í ṣe pásítọ̀."

Onímárúwá kan ládùúgbò ló gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn. A dúpẹ́ pé ó yè. Ṣùgbọ́n odindi ọdún kan ni ìyá náà fi gbà pé a gbọ́ ohùn òun, a sì sẹ́ òun.

A ṣí dúrọ́ọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bátìrì Nokia ti wú bí àkàrà. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ láìnì náà, ọmọbìnrin ibẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, ó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn." Ìlànà àjọ NCC ni. Láìnì tí kò bá ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tì í. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, nọ́ńbà náà lè di ti oníbàárà tuntun. Wọ́n ní àwọn ti fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí láìnì náà. Sórí fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú!

Ohun tó ń dójú tì wá ni pé láti oṣù kẹrin 2013 ni a ti lè gbé nọ́ńbà ẹni lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn láìyí i padà. A mọ̀. A tilẹ̀ ti bá àwọn ẹlòmíràn ṣe é. Ẹ dákun, láìnì yòówù tí ẹ bá fi sílẹ̀, ẹ fi káàdì sí i, kí ẹ sì fi pe ènìyàn lóṣooṣù. Ẹ wo báǹkì tó ṣì ní nọ́ńbà àtijọ́ yín. Àwa rí ọ̀kan tó ṣì ń fi àlẹ́ẹ̀tì wa ránṣẹ́ sí àlejò. Ẹ fi PIN ti síìmù gan-an pa, kì í ṣe fóònù nìkan, nítorí olè lè yọ ọ́ sínú fóònù tirẹ̀.

Ní ìkẹyìn, a pe nọ́ńbà ara wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìsẹ́yìn ló gbé e, ó ń tún ọ̀kadà ṣe. A ṣàlàyé ara wa. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà, ẹ̀yin ni Pásítọ̀! Mùsùlùmí ni mí o, Bàbá. Àwọn ìjọ yín kò jẹ́ kí n sùn. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń bínú pa á mọ́ wọn lórí. Nígbà tó yá ni mo rí i pé wàhálà ló ń dé bá wọn. Mo wá ń ní kí Ọlọ́run ṣe é ní ìrọ̀rùn, wọ́n á ṣe àmín, kí n tó sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀yin."

A bi í bóyá ó rántí ìyá kan tó pè lóru nípa ọkọ rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ìyẹn wà nínú àwọn tí mo pa á mọ́ lórí," ni ó wí. "Ṣé Bàbá yẹn yè?"